Description pákéèjì tó ń tún kóòdù tò: ohun tójú mi ti rí

Àbúrò, o ní lintian, tool tó ń wá àṣìṣe nínú pákéèjì Debian (irú Linux kan), ń pariwo mọ́ ẹ lórí description, ìyẹn ọ̀rọ̀ àlàyé, pákéèjì tó ń tún kóòdù C tò, o tún ní gbogbo ìgbà tí version tuntun bá jáde lo máa ń lọ tún un kọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi rí nǹkan.

Ti lintian kéré jàre. Láìnì àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ tó lẹ́tà 80, má fi "a" tàbí "the" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, má sì tún orúkọ pákéèjì pè níbẹ̀, apt, tool tí wọ́n fi ń wá pákéèjì tí wọ́n sì fi ń install ẹ̀, ti kọ ìyẹn síwájú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó o bá fẹ́ fi àlàfo sáàárín ìpínrọ̀ nísàlẹ̀, space kan àti dọ́ọ̀tì kan lo máa tẹ̀ síbẹ̀, má fi láìnì náà sílẹ̀ lófìfo o, èmi fi sílẹ̀ lófìfo lálẹ́ ọjọ́ kan, dpkg, tool tó ń di pákéèjì, gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pákéèjì yẹn parí sí, ló bá kọ̀ kò build mọ́, mo jókòó títí di aago méjì òru, mò ń wá àṣìṣe kiri inú Makefile, fáìlì ìlànà build, tí ò ṣẹ̀ mí.

Èyí tó dùn mí jù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn a ní repository tiwa, ibi tá a ń kó pákéèjì sí, èmi ni mò ń tọ́jú GNU indent, tool tó ń tún kóòdù C tò, níbẹ̀, mo wá kọ ọ́ pé "C code cleanup tool". Ṣé ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń to àga, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ni? Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì rò pé á bá òun yọ àwọn function tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́, ló bá lò ó lórí gbogbo fóldà. Indent ò yọ nǹkan kan. Orí fáìlì gangan ló kọ ọ́ lé, ó fi ẹ̀dà àtijọ́ sínú fáìlì tó ní ~ lẹ́yìn, gbogbo àmì { bọ́ sórí láìnì tiẹ̀. Ọmọ yìí wá commit ẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi pamọ́ sínú àkọsílẹ̀ kóòdù wa, àti ~ àti gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi tú u, èmi ni wọ́n sì wá bá.

Látìgbà náà, ohun tí tool máa ṣe sí fáìlì èèyàn ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ. Perltidy, tó ń to kóòdù Perl, ò ní fọwọ́ kan fáìlì ẹ àfi tó o bá fi -b sí i, fáìlì .tdy ló máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Astyle, tó ń to C àti C++, ní tiẹ̀ á kọ ọ́ lé e lórí, á wá fi .orig sílẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó install nìyẹn. Option tuntun àti nọ́ńbà version, changelog, àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà, nilé wọn. Orúkọ àwọn èdè tó lè tò nìkan lèmi máa ń yẹ̀ wò tí version ńlá bá jáde.

Tó bá sì jẹ́ Debian fúnra ẹ̀ lò ń gbé e lọ, àwọn kan ń túmọ̀ description wọ̀nyí sí èdè Jámánì, Faransé àtàwọn míì, md5 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, àmì tí kọ̀ǹpútà ṣírò látinú ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n fi so ìtúmọ̀ mọ́ ọn. Kómà kan péré lo yí, ìtúmọ̀ wọn já nìyẹn títí wọ́n á fi tún un ṣe. Má kàn máa fọwọ́ pa á lára ṣáá.

Lẹ láìnì àkọ́kọ́ tìẹ síbí ká jọ wò ó. "C source code formatter that rewrites files in place" lèmi ì bá kọ ṣá.