Ààjà orí ìyẹ́ rẹ kò pòórá, turbulence model ló pa á

Àbúrò, o ní ààjà, afẹ́fẹ́ tó ń yí bí ìjì lórí ìyẹ́ onígun mẹ́ta ọkọ̀ òfurufú rẹ, hàn kedere nínú èéfín wind tunnel (ihò tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu ìyẹ́ láti dán an wò), ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, kò tíì dé ìdajì ìyẹ́ tó ti ń pòórá. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ ra kọ̀ǹpútà tó lágbára jù báyìí lọ. Fi owó rẹ sápò ná.

Bó bá jẹ́ k-epsilon lásán lo lò, ọ̀kan lára àwọn turbulence model (ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń fojú díwọ̀n rúdurùdu afẹ́fẹ́), òun ni ọ̀daràn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí kíkankíkan, ó máa ń rò pé rúdurùdu ló kún ibẹ̀, á wá da eddy viscosity (ìfàsẹ́yìn tí rúdurùdu ń mú wá) lé e lórí títí ààjà á fi wú, tí á sì rọ. Lo turbulence model mìíràn, SST tàbí Spalart-Allmaras tó ní àtúnṣe fún yíyí. Mesh rẹ (àwọn àpótí kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín afẹ́fẹ́ sí) gbọ́dọ̀ ki dáadáa lójú ọ̀nà tí ààjà ń gbà, kì í ṣe lára ìyẹ́ nìkan. y+ (bí mesh ṣe sún mọ́ ara ìyẹ́ tó) àti residual (àṣìṣe tó kù nínú ìṣirò), o ti mọ ìyẹn.

Wind tunnel gan-an ló fi ojú mi rí màbo. Nígbà tí mo ń ṣe másításì ní ìlú Ọba, ọ̀gá láàbù wa ní kí n ti five-hole probe (ọ̀pá ìwọ̀n tó ní ihò márùn-ún) bọ àárín ààjà láti wọn eré afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Sà, ààjà yìí ti fẹ́ fọ́ tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá kàn án, á fọ́ ni." Ó ní òun ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi. A ti probe bọ̀ ọ́. Bó ṣe ń sún mọ́ àárín, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ààjà ti ń fọ́ ń sáré síwájú lọ sápá ṣóńṣó ìyẹ́. Tí a bá fà á jáde, á tún padà sẹ́yìn. Èéfín ń fi hàn wá lójú kòrókòró! Síbẹ̀, nọ́ńbà probe yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí òtítọ́, wọ́n wá ní simulation mi kò bá a mu, kí n lọ tún un ṣe. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn ni mo fi ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ìgbà tí ẹ̀ka mìíràn yá wa ní laser fún PIV (ọ̀nà tí a fi ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn eré afẹ́fẹ́ láìti nǹkan kan bọ ààjà) ni ẹnu wọn tó wọhò. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun pé ààjà máa ń fọ́. Olùwádìí kan, Werlé, ti rí i tó ń fọ́ nínú tunnel olómi ní ilẹ̀ Faransé ní 1954. Àwọn olùwádìí mìíràn, Lambourne àti Bryer, gbé fọ́tò rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kì í kàwé ara wọn ni?

Tó o bá máa lo laser, kun ìyẹ́ tí o gbé sínú tunnel ní dúdú tí kì í dán, kí ìmọ́lẹ̀ má lọ ba kámẹ́rà jẹ́. Wọn ò ní sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n máa ní kó sanwó kámẹ́rà.

Kó o tó fọwọ́ kan ìyẹ́ tìrẹ mọ́, kọ́kọ́ ṣe ti NASA Langley, ilé ìwádìí ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà: ìyẹ́ onígun mẹ́ta tí etí iwájú rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn ní 65 dígírì, tí wọ́n tẹ dátà rẹ̀ jáde ní 1996. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ìṣirò rẹ bá bá dátà yẹn mu, a jẹ́ pé ọ̀nà tí o fi ń ṣe mesh rẹ dára.

Etí iwájú ìyẹ́ rẹ ńkọ́, ṣé ó mú ni àbí ó rí róbótó? O ò sọ. Tó bá rí róbótó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń já kúrò lára rẹ̀ á máa yí padà bí Reynolds number (nọ́ńbà tó so eré afẹ́fẹ́, ìtóbi ìyẹ́ àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó pọ̀) bá ṣe ń yí padà, ìdáhùn mi á sì yàtọ̀.