Ẹ Bi Ìyá Àgbà: Oorun ni ọmọ mi ń fi àlọ́ sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbà. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ sí i lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe ló máa ń dojú bolẹ̀. Mo ra ìwé àlọ́, mò ń kà á sí i létí lálaalẹ́, ó kàn ń sùn lọ ni. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bí wọ́n bá ń ka àlọ́ sí èmi náà létí lórí bẹ́ẹ̀dì, màá sùn. Pípa là ń pa àlọ́, ẹni tó ń pa á sì ń wá ẹni tó máa bá a gbè é. Fún ọmọ yẹn níṣẹ́ ṣe.

Èyí tí Ìjàpá lọ bá babaláwo nítorí Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tí kò rọ́mọ bí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Babaláwo se àsèjẹ, ó ní Ìjàpá kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ó fi kan ẹnu, ikùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nínú orin tó fi padà lọ bẹ babaláwo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ti elégbè: "alugbinrin". Má bẹ̀ ẹ́ kó kọrin o. Dá orin náà, kí o dákẹ́ níbi tó ti yẹ kó gbè é. Bí kò bá gbè é, àwọn àbúrò rẹ̀ á gbà á ṣe, ìyẹn gan-an ló máa dùn ún. Tó bá di alẹ́ kẹta, òun ni kó ṣe Ìjàpá: ki ìrọ̀rí bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, kó máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òun náà ni kó fọwọ́ lu ẹnu, pó, pó, pó, níbi "bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó". Nílé wa, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń jà sí ẹni tó máa ṣe é.

Má ṣe bíi tèmi. Mo pe àkọ́bí mi síwájú àlejò pé kó ki oríkì wa. Ó dé ìdajì, ó ṣi ohùn, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, èmi náà sì tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Ọdún méjì gbáko ni kò fi kì í mọ́. Bí tìrẹ bá ṣi ohùn, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, má dá sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì dá orin náà fúnra wọn, jókòó sí yàrá rẹ. Ìjàpá á wá elégbè, ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sì kọ́ wọn.