Ṣé Mùsùlùmí lè bá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù wẹ̀ ní odò Ganga?

Ìbéèrè: Àsàláàmù aléékùm, Àfáà wa. Ìlú Prayagraj ní ilẹ̀ Íńdíà ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù ní kí n bá àwọn wẹ̀ lódò lásìkò ọdún wọn. Ṣé ó burú, nígbà tí mi ò gbà pé omi náà ń fọ ẹ̀ṣẹ̀? Ṣé mo sì lè fi í ṣe àlùwàlá?

Ìdáhùn: Wa aléékùm sàláàm, arákùnrin mi. Sangam ni wọ́n ń pe ibi tí odò Ganga àti odò Yamuna ti pàdé ní Prayagraj, wọ́n sì gbà pé odò kẹta tí ojú kò rí, Sarasvati, ń dà pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀. Nínú ìtàn wọn, omi àìkú kán sílẹ̀ níbẹ̀, ó kán sí Haridwar, Ujjain àti Nashik pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ọdún Kumbh Mela fi ń yí ká ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá wọ odò náà a ri ara rẹ̀ bọ omi, a bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, a kọjú sí oòrùn, a sì rọra dà á padà sódò. Ìjọsìn pọ́ńbélé ni èyí, nítorí pé òrìṣà ni Ganga lójú wọn.

Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹ bá wọn wẹ̀ ẹ́, bí ọkàn yín kò tilẹ̀ gbà á gbọ́. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ọkùnrin kan jẹ́jẹ̀ẹ́ láti pa ràkúnmí ní Buwanah. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ti bọ òrìṣà kankan níbẹ̀ rí nígbà àìmọ̀kan, ṣáájú kí Ìsìláàmù tó dé, ó tún bèèrè bóyá wọ́n máa ń ṣe ọdún wọn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kò sí ló tó ní kí ó mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun nìkan ni ọkùnrin yìí ní lọ́kàn, síbẹ̀ Ànábì wádìí ibi tó fẹ́ lọ. Ní Sangam, òrìṣà wà, ọdún sì wà.

Bí wọ́n bá bi yín pé omi Zamzam tiwa, omi kànga tó wà ní Mẹ́kà, ńkọ́, ẹ sọ fún wọn pé à ń mu ún fún ìbùkún tí Ọlọ́hun fi sí i ni, a kì í tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ omi.

Omi Ganga fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lè fi ṣe àlùwàlá, níwọ̀n ìgbà tí ohun ẹ̀gbin kò bá tíì yí àwọ̀, òórùn tàbí adùn rẹ̀ padà. Kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, nítorí Súrà Al-An'am, ẹsẹ 108, kọ̀ fún wa láti bú ohun tí wọ́n ń sìn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.