Kí ẹni tó gboyè nínú ìṣirò tó wọ iṣẹ́ àwòṣe àpáta olépo

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò wọ iṣẹ́ ìwádìí lórí àwòṣe àpáta tí epo rọ̀bì wà nínú rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ́. Ọdún 17 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Ó yẹ, ṣùgbọ́n àpáta ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ìṣirò rẹ̀ kò ní ṣòro fún yín. Òfin tí Henry Darcy gbé jáde ní ọdún 1856 nípa bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá la ṣì ń lò. Nínú àwòṣe, ìyẹn àwòrán àpáta tí a yà sínú kọ̀ǹpútà, a óò gé àpáta sí búlọ́ọ̀kù, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣírò ìfúnpá àti iye epo, omi àti gáàsì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí a ń kó sínú búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn.

Ní ọdún kẹta tí mo wọṣẹ́, wọ́n ní kí n tún àwòṣe kan ṣe títí ohun tó ń ṣírò yóò fi bá epo àti omi tí àwọn kànga ti mú jáde fún ọdún 11 mu. Kànga kan kọ̀ jálẹ̀: omi tí a ń tì sínú ilẹ̀ láti fi lé epo jáde ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà tí àwòṣe wí. Mo bá la ọ̀nà tóóró kan nínú àwòṣe, láti kànga tí a ń gbà ti omi náà wọlẹ̀ dé ibẹ̀, mo sọ permeability, ìyẹn bí àpáta ṣe ń gba nǹkan láàyè láti kọjá, di ìlọ́po mẹ́jọ lójú ọ̀nà náà, gbogbo rẹ̀ sì ṣe regí. Wọ́n yìn mí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wà nínú àpáta tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì bi ara mi. Kànga tuntun tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, níbi tí àwòṣe mi ti ní epo ṣì kún, omi ló ń pọ̀ jáde kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Onímọ̀ àpáta kan, ìyá àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ń kó òkúta tí wọ́n yọ nínú kànga sí. Ó kán omi sórí òkúta kan. Ẹ̀kán náà jókòó síbẹ̀ bí ìrì lójú ewé kókò. Ó sún ọwọ́ díẹ̀, ó tún kán an, omi sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìpele tó mu omi yẹn kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù àwòṣe mi ga ní mítà mẹ́rin. Wọ́n ti fi ìpíndọ́gba pa á rẹ́ kí àwòṣe tó dé ọwọ́ mi. Àṣé gbogbo agbègbè náà ni ìpele yìí tẹ́ sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo là.

Ẹ óò gbọ́ nípa ensemble Kalman filter, tí Geir Evensen gbé kalẹ̀ ní 1994, èyí tó ń tún ọ̀pọ̀ àwòṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wúlò, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀kankan nínú ọgọ́rùn-ún àwòṣe, gbogbo wọn ni yóò jọ ṣìnà, ìfohùnṣọ̀kan wọn yóò sì mú kí ọkàn yín balẹ̀ lásán.

Ní ti owó, iṣẹ́ yìí máa ń bá iye epo lọ sókè sódò. Ìgbà tí epo já wálẹ̀ ní 2014, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló pàdánù iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kan náà la sì fi ń ṣírò gáàsì káábọ́ọ̀nù tí a ń sin sábẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní pápá gáàsì Sleipner lórí òkun Norway láti 1996, nítorí náà ọ̀nà kò dí.

Kí ẹ tó kọ̀wé fún iṣẹ́ kankan, ẹ gba ìsọfúnni pápá epo Norne, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìwádìí, kí ẹ fi OPM Flow, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Iye kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yí padà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ béèrè bóyá wọn yóò jẹ́ kí ẹ máa wọ ilé tí wọ́n ń kó òkúta inú kànga sí.