Kí la lè rí kà nínú àwòrán Madeleine?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní kí ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ṣàlàyé àwòrán obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí Marie-Guillemine Benoist yà ní 1800. Ó wé gèlè funfun, ọmú rẹ̀ kan sì wà níta. Ṣé wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ni, àbí wọ́n fi wọ́ ọ nílẹ̀? Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí o. Kó kọ́kọ́ pa ìwé tì, kó tẹjú mọ́ àwòrán náà. Obìnrin yìí, tó ń jẹ́ Madeleine, jókòó sórí àga tí wọ́n ta aṣọ búlúù lé. Kò wolẹ̀, ẹni tó ń wò ó ni òun náà ń wò. Bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ìyàwó ọlọ́lá ní Paris nìyẹn. Ẹ wo èjìká rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lórí àwọ̀ dúdú náà: Benoist fara balẹ̀ gan-an níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọmú. Àwọn ayàwòrán ìgbà náà a máa ṣí ọmú àwọn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Gíríìkì, ṣùgbọ́n ìyàwó ọlọ́lá tó ní kí wọ́n ya òun kì í sábà jókòó bẹ́ẹ̀. Madeleine kọ́ ló ní kí wọ́n ya òun. Ìránṣẹ́ ni, arákùnrin ọkọ Benoist ló mú un wá láti Guadeloupe, erékùṣù kan ní Caribbean tó wà lábẹ́ Faransé. Ojú rẹ̀ gbayì, ọmú yẹn sì jẹ́ ìwọ̀sí. Lójú tèmi, ọ̀kan ò pa èkejì rẹ́. Kí ọmọ yín kọ méjèèjì.

Kó wá wo ọdún. Ilẹ̀ Faransé fòfin de ìkónilẹ́rú ní 1794, Napoleon sì dá ìkónilẹ́rú padà ní 1802. Àárín méjèèjì ni wọ́n ya Madeleine. Búlúù wà lára àga, funfun wà lórí àti lára rẹ̀, ọ̀já pupa wà ní ìdí rẹ̀: àwọ̀ àsíá Faransé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló rí òmìnira nínú èyí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kó má ṣe tìtorí gèlè pè é ní Yorùbá o. Àwọn obìnrin erékùṣù ọ̀hún náà ń wérí.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwòrán náà ní 1800, "Portrait d'une négresse" (ìyẹn, àwòrán obìnrin aláwọ̀ dúdú kan) ni wọ́n pè é, láìdárúkọ ẹni tí wọ́n yà. Ní 2019 ni Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, pàtẹ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Madeleine. Kí ọmọ yín kọ orúkọ yẹn sókè iṣẹ́ rẹ̀.