Òdòdó ʻŌhai Ti Etíkun Hawaii: Ṣé A Lè Gbìn Ín Ní Ògbómọ̀ṣọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti ń ta òdòdó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà mi kan fi àwòrán òdòdó kan tí ó pupa bí epo hàn mí, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Hawaii ni ó fi ránṣẹ́. Ó ní ʻōhai ni wọ́n ń pè é, pé ẹbí ẹ̀wà ni, ó sì ti ń kú tán. Ó fẹ́ kí ọmọ náà fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ kí n bá òun gbìn ín. Kí ló dé tí ohun tí ń so bí ẹ̀wà fi ń kú tán? Ṣé yóò hù níhìn-ín?
Ìyá Olódòdó, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Òótọ́ ni pé ẹbí ẹ̀wà ni ʻōhai, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Sesbania tomentosa. Orí iyanrìn etíkun tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ lù ni ó sábà máa ń wà, ó sì máa ń fà nílẹ̀ ju kí ó nàró lọ. Irun funfun wínníwínní ni ó bo ewé rẹ̀. Kò sí níbòmíràn tí ó ti ń lalẹ̀ hù yàtọ̀ sí Hawaii, ọdún 1994 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ àwọn ewéko tí ó lè run.

Àìso nìkan kọ́ ni ó ń pa á. Ní Kaʻena Point, ní erékùṣù Oʻahu, ọkọ̀ àwọn tí ń ṣe fàájì ni ó ń gun orí iyanrìn náà kọjá léraléra kí ìjọba ibẹ̀ tó fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà ní ọdún 1983. Eku ń jẹ irúgbìn rẹ̀, ẹran ọ̀sìn ń jẹ ewé. Ṣùgbọ́n ti èèrà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Kò sí èèrà kankan ní Hawaii tẹ́lẹ̀ rí. Ẹrù àwọn ènìyàn ni wọ́n bá dé. Àwọn oyin kéékèèké dúdú kan, tí ojú akọ wọn ní àwọ̀ yẹ́lò, wà lára àwọn tí ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó ʻōhai láti orí ọ̀kan dé orí èkejì kí ó lè so. Wọn kì í gbé pọ̀ bí oyin tiwa. Kálukú ní ń dá ìtẹ́ tirẹ̀ kọ́ sínú pòpórò gbígbẹ tàbí ihò òkúta, bí èèrà bá sì wọ inú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ oyin ni yóò jẹ. Ní ọdún 2016, irú oyin bẹ́ẹ̀ méje wọ ìwé àwọn ohun abẹ̀mí tí ó lè run. Odi wáyà tí wọ́n mọ parí sí Kaʻena ní ọdún 2011 ń dá eku àti ológbò dúró, èèrà ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ wá rí i pé gbígbìn ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò kan ohun tí ń ṣe é. Bí ẹ bá ha èèpo líle irúgbìn rẹ̀ díẹ̀ tí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi, ó lè hù, àmọ́ òjò wa lè mú gbòǹgbò rẹ̀ rà. Òfin Hawaii kò sì gba kí ẹnikẹ́ni ká a nínú igbó láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba tiwa náà kò fẹ́ kí a kó irúgbìn wọlé láìgba ìwé. Kí oníbàárà yín sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó rà á lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fún ní àṣẹ láti máa tà á níbẹ̀, kí ó gbìn ín sí àgbàlá ibi tí ó ń gbé. Ní ti ilé tirẹ̀ níhìn-ín, ẹ gbin Pride of Barbados fún un: ẹbí kan náà ni wọ́n, òdòdó rẹ̀ pupa dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti wà lórí àtẹ yín.