Kí o tó yí subset padà, wo bóyá irin yẹn ń sún mọ́ kámẹ́rà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kámẹ́rà kan ṣoṣo lo fi ń ya irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń fà, tí sọ́fítíwíà sì ń tọpa àwọn àmì dúdú tí o fi ọ̀dà kùn sára irin láti ka strain, ìyẹn bí irin ṣe gùn sí i tó tí a bá fi wé gígùn rẹ̀. O ní strain tó ń kà pọ̀ ju ti irin lọ. O wá ń béèrè pé píksẹ́lì mélòó ni kí subset jẹ́, ìyẹn igun mẹ́rin kékeré inú àwòrán tí sọ́fítíwíà ń tọpa. Jọ̀wọ́, fi subset sílẹ̀ ná. Ohun tó o kọ yẹn ló fi ìyà jẹ mí fún oṣù mẹ́rin gbáko ní Òṣogbo níbí.

Modulus irin, ìyẹn bó ṣe le tó sí fífà (agbára tó ń fà á lórí ìwọ̀n ojú rẹ̀, tí a fi strain pín), kì í jìnnà sí 200 GPa. Tèmi ń jáde ní 100. Mo tún un ṣe, 100 náà ni. Mo gbé e tọ ọ̀gá kan tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ. Kò wo àwòrán kankan, ó ní irin ayédèrú ni mo rà. Mo ra òmíràn, mo sanwó fún ẹni tó gé e. 100! Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra kámẹ́rà tó ní píksẹ́lì púpọ̀ sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó san gbèsè tí mo jẹ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn tán. Inú ṣì ń bí mi, torí kò sí èyí tó béèrè nínú wọn pé báwo ni kámẹ́rà ṣe jìnnà sí irin tó.

50 cm ni. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹnu tó di irin mú á kọ́kọ́ wá ibi tó máa jókòó sí, irin á sì sún síwájú díẹ̀. Ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ńsì, ńlá ló máa ń hàn, sọ́fítíwíà á sì kà á sí pé irin ló gùn. Ìdajì mílímítà nínú 500 mm, ìdá kan nínú 1000 nìyẹn: 1000 microstrain (microstrain kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù). Irin tí a fi 200 MPa fà (1000 MPa ni GPa kan), 1000 náà ló yẹ kó ní. Èké gun orí òótọ́, ó di 2000, modulus sì dín sí ìdajì.

Fífẹ̀ irin náà ló tú àṣírí fún mi. Irin tí a ń fà gbọ́dọ̀ máa tín-ín-rín sí i. Tèmi ń gùn, ó sì tún ń fẹ̀. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láé! Lọ wo tìrẹ báyìí, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bó bá ń fẹ̀, gbé kámẹ́rà sẹ́yìn, kí o lo lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Ní mítà 2, ìdajì mílímítà yẹn di 250 microstrain péré. Lẹ́ńsì telecentric, èyí tí ohun kì í tóbi sí i lójú rẹ̀ bó bá sún mọ́ ọn, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Bó o bá rí kámẹ́rà kejì yá, gbé e sẹ́yìn irin kó dojú kọ ti iwájú. Bí irin bá sún mọ́ ọ̀kan, ó jìnnà sí èkejì. Ro kíkà méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì, èké á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọ̀dà, o mọ ìyẹn: funfun tí kò dán, kí dúdú wà lára rẹ̀ tótòtó. Má gba ọ̀dà dídán lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ọkọ̀ o. Jẹ́ kí kámẹ́rà gbóná tó bíi wákàtí kan kó o tó ya. Iná halogen ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò, lo LED. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń mú kí àwòrán máa jó bí títì Gbọ̀ngán ṣe ń jó lójú lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, sọ́fítíwíà á sì kà á mọ́ irin lọ́rùn. Má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí, ilẹ̀ á máa mi kámẹ́rà.

Ẹn, subset. Kí àmì dúdú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 3 sí 5, kí subset kan sì gbà tó àmì mẹ́ta, ó kéré tán. 21 tàbí 31 ni mo sábà máa ń lò. Bó bá kéré jù, kíkà á máa fò sókè sódò. Bó bá tóbi jù, á tẹ ibi tí strain ti ga jù mọ́lẹ̀.

Lọ́la, ya àwòrán 10 láìfa irin rárá, kí o ṣírò strain wọn. Òdo ló yẹ kó jẹ́. Ohunkóhun tó bá jáde, àṣìṣe ni. Kọ iye yẹn síbí pẹ̀lú ti fífẹ̀ irin, kí n bá ọ wò ó.